Okùn ráákẹ́ẹ̀tì tẹ́nìsì wa ń já lemọ́lemọ́: èwo ni kí n rà tí kò wọ́n?

Ìyá Tólú:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, inú ló ń bí mi. Láàárín oṣù méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni okùn ráákẹ́ẹ̀tì ti já mọ́ wa lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ń bá wa so ó, bó bá ti rí mi lókèèrè, á ti máa mi orí. Ní Sátidé tó kọjá, ó ní kí n jókòó de òun. Mo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹni tó dé lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ dá lóhùn. Nígbà tó wá kàn mí, ó ní okùn olówó pọ́ọ́kú tí mò ń rà ló fà á. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ráákẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe yẹpẹrẹ, dúdú ni, ó ní ìlà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́, àbúrò mi ló fi ta wá lọ́rẹ. Ẹ bá mi wá okùn àtọwọ́dá tí kò wọ́n tí kò sì ní í já. Mi ò lágbára èyí tí wọ́n ń fi ìfun màlúù ṣe.

Alápá Òsì:
Pọliẹ́sítà ni kí ẹ fi sí i mà, ọ̀rọ̀ tán. Ó yi ju náílọ́ọ̀nù lọ fíìfíì. Okùn yẹn ló wà lọ́wọ́ Gustavo Kuerten, ọmọ ilẹ̀ Brazil tó ń gbá tẹ́nìsì, nígbà tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1997, àwọn ọ̀jẹ̀ ibẹ̀ sì ti ń wọ́ tẹ̀ lé e láti ìgbà náà. Náílọ́ọ̀nù kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ èmi, torí mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù kó máa yí gan-an ni.

Bàbá Ìbejì:
Ìyá Tólú, ẹ kú ìfaradà. Ẹ sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ẹ ò tíì sọ èyí tí a fẹ́ gbọ́. Okùn wo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Pọ́n-ùn mélòó ni wọ́n fi fà á, ìyẹn bó ṣe le tó? Ibo gan-an ló ti ń já, àárín ni àbí etí? Ta ló ń gbá a? Láìsí ìyẹn, inú òkùnkùn la ó máa ta ọfà sí.

Ọmọ Pápá:
Èyí tí wọ́n ń pè ní synthetic gut ni kí ẹ rà mà. Kò sí ìfun kankan níbẹ̀, náílọ́ọ̀nù ni: okùn kan tó nípọn wà láàárín, wọ́n wá fi àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Ti ilé iṣẹ́ Prince, ti Gamma, ti Head, gbogbo wọn ló dáa, wọn ò sì wọ́n. Ẹ mú nọ́ńbà 16, tó tó mìlímítà 1.30. Nọ́ńbà 17 tín-ín-rín jù ú lọ, ó dùn ún gbá, àmọ́ ó máa ń tètè já. Ráákẹ́ẹ̀tì tí mo fi kọ́ṣẹ́, okùn rẹ̀ ti gbó kí n tó gbà á, ara ògiri ni mo ń gbá a mọ́ lójoojúmọ́. Ó ṣì wà nínú yàrá mi di òní.

Ìyá Tólú:
Ẹ ṣé gan-an. Àwọ̀ ewé ni okùn tó wà níbẹ̀ báyìí. Pọliẹ́sítà ni, láti ìgbà kẹta ni ọkùnrin tó ń so ó ti ń fi í sí i, òun náà sì já. Ó ní pọ́n-ùn 58 lòun fi fà á, pé bó bá le dáadáa kò ní í tètè já. Mo gbà á gbọ́ torí òun ló ní ẹ̀rọ.

Kóòṣì Àgbà:
58 kẹ̀! Pọliẹ́sítà kì í nà bíi náílọ́ọ̀nù, ńṣe la máa ń dín tiẹ̀ kù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ta ló ń gbá ráákẹ́ẹ̀tì yìí?

Alápá Òsì:
Kóòṣì, 58 ò le jù o. 57 ni tèmi, kò sí nǹkan tó ṣe mí.

Kóòṣì Àgbà:
Apá tiyín nìyẹn. Pọliẹ́sítà máa ń kú kó tó já. Á dẹ̀, kò ní í ta bọ́ọ̀lù mọ́, ẹni tó ń gbá a á wá máa fi tipátipá na ọwọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní í gé e dànù torí wọ́n rí i pé kò tíì já. Mo bèèrè: ta ló ń gbá a?

Ìyá Tólú:
Tólú ni. Ó pé ọmọ ọdún 12 lóṣù tó kọjá. Mi ò mọ̀ pé okùn ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń sọ pé ìgúnpá ń dun òun, mo rò pé kò fẹ́ fọ abọ́ ni.

Màmá Ewé:
Ìyá Tólú! Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣáájú lẹ tì sẹ́yìn yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ẹ ń wá okùn olówó pọ́ọ́kú nígbà tí apá ọmọ ń dùn ún.

Bàbá Ìbejì:
Màmá, ẹ rọra. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa èjìká rẹ̀, mi ò dá a lóhùn, mo wá kábàámọ̀.

Ìyá Tólú:
Màmá, èmi kọ́ ló mú pọliẹ́sítà, ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ní kí n rà á. Èmi nìkan ni mò ń dá tọ́ ọ, gbogbo owó tó yọ lọ́wọ́ mi, orí ráákẹ́ẹ̀tì yìí ló ń lọ. Bàbá Ìbejì, ẹ bi mí níbi tó ti ń já. Kì í já láàárín. Òkè ni, lápá ọ̀tún, lẹ́nu ihò kan náà ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bàbá Ìbejì:
Ihò kan náà! Ẹ̀ṣẹ̀ okùn kọ́ nìyẹn, mà. Okùn tí bọ́ọ̀lù gbó, àárín ló sábà máa ń já, níbi tí ti òòró àti ti ìbú ti ń ha ara wọn. Èyí tó ń já lẹ́nu ihò kan ṣoṣo, nǹkan ló ń gé e. Ẹ wo ike kékeré tí wọ́n fi wọ ojú ihò yẹn.

Ìyá Tólú:
Mo ti wò ó. Ó ti là, ègé kan ti kúrò, ara férémù gan-an ni okùn ń fara kàn. Tólú ní bí bọ́ọ̀lù bá wá nísàlẹ̀, orí ráákẹ́ẹ̀tì máa ń ha ilẹ̀. Okùn mẹ́rin ni mo ti rà!

Alápá Òsì:
Ha. Ó dáa, mo gbà, kì í ṣe pọliẹ́sítà. Ẹ kúkú ra rìlì náílọ́ọ̀nù, mítà 200 ni. Ráákẹ́ẹ̀tì kan ń gba bíi mítà 12, ó máa tó ìgbà mẹ́rìndínlógún.

Ọmọ Pápá:
Kí ni ọmọ kan fẹ́ fi mẹ́rìndínlógún ṣe? Ike ló yẹ kó kọ́kọ́ rà.

Kóòṣì Àgbà:
Ike ni. Odindi rẹ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi orúkọ ráákẹ́ẹ̀tì náà gan-an bèèrè, torí ike ti ọ̀kan kì í wọ òmíràn. Lẹ́yìn náà, synthetic gut nọ́ńbà 16, kí wọ́n fà á ní 50. Okùn tó dẹ̀ díẹ̀ máa ń ta bọ́ọ̀lù jìnnà, ọmọ ò ní í máa fi gbogbo agbára na ọwọ́. Ẹ gé pọliẹ́sítà yẹn kúrò lónìí, láti àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí férémù má bàa wọ́. Kí Tólú má sì gbá bọ́ọ̀lù kankan títí dókítà yóò fi wo ìgúnpá yẹn. Ṣé férémù àgbà ni?

Ìyá Tólú:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n, ínǹṣì 27 ni, ti àgbà ni lóòótọ́. Mo ti gé okùn náà. Bí mo ṣe ń gé e, Tólú bi mí bóyá mo ń fìyà jẹ òun ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Mọ́ńdè la máa lọ rí dókítà.