Ẹ̀yin àgbà, rivọ́fà ẹlẹ́tù wo ni kí n rà tí kò ní dójú tì mí?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí. Àwòṣe Colt 1851 Navy, rivọ́fà àtijọ́ kan, tí mo rà ti sọ mí di ẹni ẹ̀sín. Kí n má tíì yìn ín dáadáa, sìlíńdà, agolo tó ń yí tí ọta wà nínú rẹ̀, á ti há. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, ó ní ọwọ́ mi ni kò dáa. Ọwọ́ mi kẹ̀! Ojú àna mi ló ṣe sọ ọ́, ìyẹn sì ń rẹ́rìn-ín. Àpótí rẹ̀ gan-an, kò ṣe é tì. Mo fẹ́ ra òmíràn tí màá lè máa tún ṣe fúnra mi. Èwo ló dáa?

Bàbá Ọdẹ: Kí ló ń há a? Èérí ẹ̀tù ni àbí àfọ́kù káàpù, ìdérí kékeré tó ń tanná ran ẹ̀tù? Férémù rẹ̀ ńkọ́, idẹ ni àbí irin? O ò sọ ìkankan, àpótí lò ń rò fún wa.

Ìyá Ọlọ́mọge: Remington 1858 ni o. Irin gba orí sìlíńdà rẹ̀ kọjá, kì í mì. Ọkọ mi yá tèmi lò lọ́jọ́ kan, kò fọ̀ ọ́, ó lọ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dógùn-ún. A jà gan-an! Omi gbígbóná àti ọṣẹ, lẹ́yìn náà òróró, lọ́jọ́ tí o bá yìn ín náà ni.

Atamátàsé: Remington kẹ̀? Ọ̀pá tí sìlíńdà rẹ̀ ń yí lé tín-ín-rín jù, èérí tètè ń dè é. Ti Colt nípọn, girisi sì ń rí ibi dúró sí lára rẹ̀. Ra Colt 1860 Army onírin, ìwọ̀n ọta .44, ti ilé iṣẹ́ Uberti tàbí Pietta láti Itálì. Ṣùgbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀pá náà kan ìsàlẹ̀ ihò tó ń wọ̀ lábẹ́ bárẹ́ẹ̀lì. Bí kò bá kàn án, bí o ṣe ń gbá wẹ́ẹ̀jì, irin pẹlẹbẹ tó di bárẹ́ẹ̀lì mú, wọlé ni bárẹ́ẹ̀lì á máa fún sìlíńdà mọ́.

Ìyá Ọlọ́mọge: Remington ò mọ wẹ́ẹ̀jì rárá, ọ̀gá.

Bàbá Ọdẹ: Ẹ jẹ́ kí ó dá mi lóhùn ná.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ má bínú, Bàbá. Irin ni. Àfọ́kù káàpù ló ń já sí ihò òòlù tó ń gbá káàpù. Ẹ má sì rò pé n ò mọ iṣẹ́ o: mo ti fi fáìlì fá sípíríǹgì òòlù rẹ̀ títí ó fi rọ̀. Ìka kan ṣoṣo ti tó láti fà á báyìí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo bi yín.

Bàbá Ọdẹ: Ó tán! Òòlù ló yẹ kó tẹ káàpù mọ́lẹ̀ nígbà tí iná bá fẹ́ gba ẹ̀yìn jáde. O ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, iná ń tì í sẹ́yìn, káàpù ń fọ́ yángá. Ra sípíríǹgì tuntun. Wò ó bóyá káàpù ìwọ̀n 10 tàbí 11 ló jókòó pinpin lórí ọmú rẹ̀, ibi tí a ń fi káàpù dé.

Atamátàsé: Ẹni tó tà á ò wá jẹ̀bi nìyẹn.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ó jẹ̀bi! Ó ti le jù kí n tó fá a. Ẹ ṣáà sọ fún mi: 1858 àbí 1860?

Ìyá Ọlọ́mọge: Wá Ruger Old Army àlòkù. Wọn ò ṣe é mọ́ láti 2008, kì í sì í ṣe àwòṣe ti àtijọ́ gan-an, ṣùgbọ́n oníkòólù, wáyà tí a ká, ni sípíríǹgì rẹ̀. Fáìlì rẹ ò ní rí nǹkan jẹ níbẹ̀.