Àbọ̀ ọ̀rọ̀ táyà Sienna wa: mo ti rà á

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo béèrè bóyá kí n ra táyà tòkúnbọ̀ àbí tuntun sí ọkọ̀ Toyota Sienna 2005 tí mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Tuntun ni mo rà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwọ̀n 215/65R16.

Nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ ní kí n wò lára táyà, èyí tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, ló yí mi lọ́kàn padà. Tòkúnbọ̀ tó ń dán gbinrin tí mo ti ń ná lọ́wọ́, 2314 ló wà lára rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ti ṣe é! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti ń sán wẹ́wẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo ṣe aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó lè gún, lọ́jọ́ tí mo ra táyà náà. A ti lọ Ìbàdàn bọ̀, ọkọ̀ kò gbọ̀n mọ́. Ẹ ṣeun púpọ̀.