Ìdáhùn: district court ti Amẹ́ríkà kì í ṣe "ilé-ẹjọ́ àgbègbè"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní, tí a bá ń túmọ̀ sí Yorùbá, kí á máa pe district court, ilé-ẹjọ́ tí ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ń bẹ̀rẹ̀, ní "ilé-ẹjọ́ àgbègbè". Ẹlòmíràn ní "Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀" ló yẹ ẹ́. Mo bẹ̀ yín, méjèèjì yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2017, adájọ́ James Robart ní ìlú Seattle dá àṣẹ Ààrẹ Trump tó ní kí àwọn ará orílẹ̀-èdè méje má wọ Amẹ́ríkà dúró jákèjádò ilẹ̀ náà. Bí a bá kọ ọ́ pé "adájọ́ àgbègbè" ló ṣe é, ẹni tó ń kà á ní Òṣogbo yóò rò pé kóòtù ìbílẹ̀ kan ni. Bẹ́ẹ̀, Ààrẹ ló ń yan irú adájọ́ yìí, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ló ń fọwọ́ sí i, kò sì sí gbèdéke ọdún lórí ipò rẹ̀.

District tó wà nínú orúkọ yẹn, ààlà lásán ni. Ẹkùn 94 ni wọ́n pín àwọn ilé-ẹjọ́ náà sí. Texas ní mẹ́rin, Maryland ní ẹyọ kan. "Ẹkùn" tí a ti ń lò fún ìdìbò ló bá a mu, torí òfin ló ń fa ààlà ẹkùn.

"Gíga" ńkọ́? Ilé-ẹjọ́ ti Nàìjíríà ló ti ni orúkọ yẹn. Lẹ́yìn náà, ní New York, ilé-ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Supreme Court, ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Court of Appeals ló ga jù ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó bá fi gíga túmọ̀ orúkọ kóòtù Amẹ́ríkà yóò ṣìnà.

Iṣẹ́ ni kí á fi sọ ọ́ lórúkọ, bí àwọn tó dá "Kòtẹ́milọ́rùn" ti ṣe. Mo dábàá "Ilé-ẹjọ́ Àkọ́gbọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀". Ibẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ti ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni júrì, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́, ń jókòó sí. Tí ọ̀rọ̀ bá dé Kòtẹ́milọ́rùn, adájọ́ mẹ́ta ló sábà máa ń yẹ àkọsílẹ̀ wò; wọn kì í gbọ́ ẹlẹ́rìí tuntun. Àwọn kan ní àkọ́gbọ́ yóò dún bí "kíkọ́". Kò rí bẹ́ẹ̀: ta ló ń gbọ́ "àkọ́bí" tó ń ronú ilé-ìwé?

Àwọn ìpínlẹ̀ kan náà ní district court tiwọn. Ti ìpínlẹ̀ ló le jù, torí orúkọ kan náà ń jẹ́ ohun méjì. Ní Texas, district court ti ìpínlẹ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, ti ilẹ̀ àti ọ̀ràn ńlá. Ìbò ni wọ́n fi ń yan adájọ́ rẹ̀, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Ní Maryland, gómìnà ló ń yan adájọ́ district court fún ọdún mẹ́wàá. Ẹjọ́ ọkọ̀, ti ayálégbé àti ti owó tí kò ju $30,000 lọ ni wọ́n ń gbọ́, kò sì sí júrì níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ kọ ọkọ tàbí aya ní Maryland, tó gbára lé ohun tí ará Houston ní Texas sọ fún un, kóòtù tí kò lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ni yóò gbà lọ. Circuit court, ilé-ẹjọ́ mìíràn ní Maryland, ló yẹ kó lọ. Nítorí náà, "ilé-ẹjọ́ àkọ́gbọ́ ti ìpínlẹ̀" fún ti Texas, "ilé-ẹjọ́ ẹjọ́ kéékèèké" fún ti Maryland. Ẹ má ṣe gbàgbé láti kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìwé yín, torí òun ni wọ́n kọ sára ilé náà.

Ó ku ẹyọ kan tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀: magistrate judge. Àwọn adájọ́ àkọ́gbọ́ ló ń yàn án, fún ọdún mẹ́jọ, láti bá wọn gbé lára iṣẹ́ wọn. "Májísíréètì" tiwa ní kóòtù tirẹ̀. Èyí kò ní. "Adájọ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́" ń wá sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù. Ẹ bá mi wá a.