Ìjà tí a kò fi ẹnu jà

Nígbà náà, èmi ni alábòójútó iṣẹ́ ọ̀sán ní ilé iṣẹ́ kan, ẹnì kejì mi sì ń bójú tó iṣẹ́ òru. Kí a tó fọwọ́ sí ìwé tí a fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa, a máa ń fi bí ìṣẹ́jú 15 ro ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ fún ara wa. Lọ́jọ́ tí ó sọ níwájú ọ̀gá wa pé èmi ni mo jẹ́ kí ọjà kan pẹ́, láì kọ́kọ́ bi mí, ni mo panu mọ́, ìwé nìkan ló sì ń sọ̀rọ̀ láàárín wa níbi iṣẹ́ láti ìgbà náà.

Mo rò pé àwa méjèèjì nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi pín sí méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé bẹ́líìtì ẹ̀rọ kan ti ń ya, ṣùgbọ́n ojú ewé kejì ló kọ ọ́ sí, mi ò sì ṣí i. Bẹ́líìtì náà já, ó sì ṣe ọmọ iṣẹ́ kan léṣe lọ́wọ́. Ọwọ́ náà ti san, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ilé ni ó ti dùn mí jù. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ ẹnì kejì mi bá wọlé lóru, èmi náà á fi ìbínú fèsì, ìyàwó mi á sì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láì mọ ẹni tí mò ń bá jà. Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé Àdéhùn 190 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní ọdún 2019 ka ìyọlẹ́nu orí fóònù mọ́ ti ibi iṣẹ́, bí ó bá jẹ́ nítorí iṣẹ́, mo sì rí i pé èmi náà wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi rọra sọ fún mi pé ọmọ wa máa ń tẹ́tí sí bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn kí ó tó pinnu bóyá òun yóò jáde wá kí mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo tètè dé ibi iṣẹ́, mo sì bẹ ẹnì kejì mi. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn pé òun náà kì í rí oorun sùn mọ́. A kò di ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n a padà sí ìṣẹ́jú 15 wa.