Àbọ̀ ọ̀rọ̀ IP mi: ó ti yanjú o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé gan-an. Mo béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá èèyàn lè pààrọ̀ public IP íntánẹ́ẹ̀tì ilé (nọ́ńbà tí àwọn sáìtì fi ń dá íntánẹ́ẹ̀tì wa mọ̀) fúnra ẹ̀, torí sáìtì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti dínà mọ́ mi. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ àwa kọ́ la ń yan nọ́ńbà yẹn, àwọn tó ń ta dátà fún wa ló ń pín in. Mo pa ráútà fún ìṣẹ́jú 5, nọ́ńbà kan náà ló gbé wá, inú bí mi, ni mo bá yọ ọ́ lẹ́nu iná mọ́jú (wọn ò kúkú mú iná wá), ìgbà tó máa fi di àárọ̀ ó ti yí padà. Sáìtì ṣí! Ọjọ́ kejì, sáìtì yẹn tún dínà mọ́ mi.

Ìgbà tí mo wá wo inú ráútà ni mo rí i pé 100.72 ni IP ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, tó sì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ará ìta ń rí. CGNAT ni o, ìyẹn ètò tí àwọn tó ń ta dátà fi ń pín public IP kan fún ọ̀pọ̀ oníbàárà! Èmi àti ọ̀pọ̀ èèyàn la jọ ń lo IP kan, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mo ń jẹ. Mo ti sanwó static IP (public IP tèmi nìkan, tí kì í yí padà) báyìí, ó wọ́n o, àmọ́ kámẹ́rà ẹnu géètì tí mi ò rí wò láti ìta tẹ́lẹ̀ torí CGNAT yẹn náà ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní kí n lo VPN (ohun tó ń fi IP ibòmíràn bo IP ẹni), sáìtì yẹn ò gbà á.