Èmi tí mò ń ta paraga ni mo fẹ́ gba ìtọ́jú ọtí. Ibo ni kí n lọ ní Òṣogbo?

Alágbo Old Garage:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, kó máa kọjá lọ.

Àgbo ni mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Garage níbí, àti èyí tí wọ́n fi omi sè, àti èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Jẹ̀dí, ọ̀pá ẹ̀yìn, ti ibà, gbogbo ẹ̀. Ìyá tó bí ọkọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí, òun ò sì fẹnu kan ọtí rí títí ó fi kú. Imú ló fi ń mọ èyí tó ti tó tà. Èmi ní tèmi, ahọ́n ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Màá tọ́ ọ wò láàárọ̀ bóyá egbò ti wọ inú ọtí, màá tọ́ ọ wò tí mo bá da ọtí kún kẹ́ẹ̀gì. Oníbàárà náà á ní, "Ìyá, ẹ kọ́kọ́ mu ún ná, kí n rí i pé kò ní pa mí." A ó rẹ́rìn-ín, màá sì mu ún. Nígbà tó yá, kẹ́ẹ̀gì ò kún, oníbàárà ò dé, mo ṣì ń tọ́ ọ wò.

Ní báyìí, tílẹ̀ bá ti mọ́, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Ife kékeré tá a fi ń wọn paraga yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ẹ̀, á kún dé etí, kò ní kán sílẹ̀. Èmi ń dà á sórí tábìlì. Àwọn dírẹ́bà á máa wò ó, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Tí mo bá ti gbé ife méjì mu, ọwọ́ á dúró, màá wá máa wọ̀n ọ́n bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Òógùn máa ń bò mí lóru. Oúnjẹ ò wù mí mọ́.

Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ló gba ife lọ́wọ́ mi lálẹ́ Sátidé. Mo ń retí kó pariwo mọ́ mi, mo ti mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn. Kò pariwo. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù." Mi ò rí èsì kankan fọ̀ sí ìyẹn.

Mo ti gbà láti lọ o. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé UNIOSUN Teaching Hospital, ta ni kí n béèrè? Ṣé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú wèrè ni wọ́n máa ní kí n jókòó sí? Gbogbo dírẹ́bà Ẹdẹ, Ìlobùú, Ìkìrun ló mojú mi. Tí ẹnì kan bá rí mi níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á ti dé gáréèjì kí n tó dé. Àbí kí n kúkú gba Ifẹ̀ lọ? Àbúrò ọkọ mi ní kí n gun orí òkè lọ fún ìdáǹdè. Alájọṣe mi kan ní kí n ṣáà dá a dúró láti ọ̀la, kí n máa mu omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ dá mi lóhùn. Ọtí yìí náà ló ń bọ́ wa nílé o, ẹ má gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ìyá wa, ẹ kú ìnira. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fẹ̀yìntì. Kí n tó sọ ohun mìíràn: ẹ má dá ọtí dúró lójijì nínú ilé. Alájọṣe yín ò mọ ohun tó ń sọ.

Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀, tí ọwọ́ sì dúró nígbà tó mu ún, ara ẹ̀ ti gbára lé ọtí nìyẹn. Tí ọtí bá ṣẹ́ lójijì, láàárín wákàtí 6 sí 24, gbígbọ̀n, òógùn, èébì àti àìrí oorun sùn á bẹ̀rẹ̀. Gìrì lè gbé èèyàn láàárín ọjọ́ 2 àkọ́kọ́. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn mìíràn á máa rí ohun tí kò sí, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà, ara wọn á gbóná, àyà wọn á máa lù kìkì. Ìyẹn máa ń pa èèyàn. Mo ti gba ọkùnrin kan sí wọ́ọ̀dù rí tí okùn ti bó lọ́wọ́, torí pé ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún un ni wọ́n dè é mọ́lẹ̀ sí, wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ ló gbé e. Ọtí tó ṣẹ́ lára ẹ̀ ni.

Ní ọsibítù, diazepam, òògùn tó ń mú ara balẹ̀, tàbí irú ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á fún yín ní èyí tó tó, wọ́n á wá máa dín in kù lójoojúmọ́. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á tún fún yín ní vitamin B1 tí wọ́n ń pè ní thiamine, torí ọtí kì í jẹ́ kí ara rí i gbà dáadáa, ẹ ò sì jẹun. Ẹni tí B1 bá tán lára ẹ̀, ọpọlọ ẹ̀ lè bà jẹ́ débi tí kò ní rántí nǹkan mọ́. Ẹ má lọ fúnra yín ra diazepam lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù o. Òun pẹ̀lú ọtí lè gba èémí mọ́ èèyàn nímú.

Ẹ̀ka psychiatry, ìyẹn ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ, ni kẹ́ ẹ béèrè, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ẹni tí kì í rí oorun sùn, ẹni tó bímọ tí ojú ẹ̀ ò wálẹ̀, ẹni tí gìrì ń ṣe, bẹ́ǹṣì kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Kò sẹ́ni tó máa kọ ohun tó ń ṣe yín sí yín níwájú orí. Òótọ́ ni pé OAUTHC, ọsibítù ńlá ti yunifásítì, wà ní Ifẹ̀. Aro, ọsibítù ìtọ́jú ọpọlọ, náà wà ní Abẹ́òkúta láti 1954, wọ́n sì ní ẹ̀ka ọ̀tọ̀ fún ọtí àti oògùn olóró. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan kọ́ lẹ máa lọ. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà wá, kẹ́ ẹ tún padà wá, ọjọ́ tówó mọ́tò bá sì ti wọ́n yín, ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti máa dáwọ́ dúró. Èmi ò ní torí àwọn dírẹ́bà lọ sọ́nà jíjìn.

Ọmọ Ìgbàlà:

Ọ̀rọ̀ ọtí kì í ṣe ti ọsibítù. Ẹ̀mí ni. Màmá, ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kẹ́ ẹ wá rí ohun tí Ọlọ́run máa ṣe.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Arákùnrin, ẹni tí ara ẹ̀ ń wá ọtí, tí kò jẹun láti ọjọ́ yìí, ẹ tún fẹ́ kó gbààwẹ̀? Ẹ gbàdúrà fún wọn kíkankíkan, kẹ́ ẹ sì bá wọn dá owó mọ́tò.

Dírẹ́bà Ẹdẹ:

Ìyá Alágbo, ó ṣeé ṣe kí n ti mu tiyín rí o, ẹ foríjì mí.

Ọbàtálá tí Olódùmarè rán níṣẹ́ láti dá ilẹ̀ ayé, ẹmu ló dá a dúró lọ́nà, ó sì sùn lọ. Òrìṣà ni o! Títí dòní, àwọn ọmọ ẹ̀ kì í mu ẹmu. Ẹ̀yin wá ń tijú.

Èmi ti gba ìtọ́jú yẹn. Ìbéèrè 4 ni dókítà fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé mo ti rò ó rí pé ó yẹ kí n dín ọtí kù? Ṣé inú máa ń bí mi tí wọ́n bá bá mi sọ ọ́? Ṣé ẹ̀rí ọkàn ń dà mí láàmú? Ṣé mo máa ń mu ún ní kùtù hàì kára tó balẹ̀? Ó ní ẹni tó bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí 2, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni ni mo fi dáhùn gbogbo ẹ̀, mo tún bi í bóyá ìkarùn-ún wà.

Ẹ sọ iṣẹ́ yín fún dókítà, ẹ gbọ́? Kò gbọ́dọ̀ má mọ̀. Hóró òògùn kan wà tó ń jẹ́ disulfiram. Tó bá wà lára èèyàn tó sì fẹnu kan ọtí, ojú á pọ́n, àyà á máa já, orí á fọ́, á máa bì. Fún ẹni tó ń tọ́ àgbo ọlọ́tí wò, wàhálà ni, torí díẹ̀ péré ti tó. Naltrexone yàtọ̀ ní tiẹ̀, ṣe ló ń dín bí ọtí ṣe ń wu èèyàn kù. Dókítà ló máa mọ èyí tó bá yín mu.

Ìsìnkú kan ní Ìkìrun tún gbé mi padà sídìí ìgò. Mo rò pé wọ́n á lé mi tí mo bá padà dé ọsibítù. Wọn ò lé mi. Dókítà ní kí n sọ ẹni tí mo jókòó tì àti ohun tí mo sọ nígbà tí wọ́n gbé ọtí wá, a sì jọ ṣètò ohun tí màá sọ lọ́jọ́ mìíràn. Ohun tí mò ń sọ báyìí ni pé mò ń lo òògùn. Òótọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè ìkejì. Àwọn Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1935 náà máa ń ṣèpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń dá. Mo máa ń wọlé sí i tí mo bá páàkì mọ́tò lálẹ́.

Ìyá Ìgbọ̀nà:

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ọjà ni tèmi. Mo ta ọlọ́tí rí kí n tó fi í sílẹ̀, àgbo olómi nìkan ni mò ń tà báyìí. Mi ò ní parọ́ fún yín, èrè ẹ̀ ò tó ti ọlọ́tí. Àgbo olómi kì í pẹ́ kó tó kan, ojoojúmọ́ lẹ máa dáná. Àwọn mìíràn nínú oníbàárà yín á kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn, pàápàá láti ìgbà tí NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn, ti gbógun ti ọtí inú ọ̀rá ní 2024, tí àwọn tó ń mu ìyẹn náà ń yà sídìí paraga. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́mọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dọ̀ yín, àwọn tí kì í fẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀mùtí. Ẹ fi ewé àti egbò gbígbẹ kún ohun tẹ́ ẹ ń tà, ìyẹn kì í yára bà jẹ́. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó máa ta ọlọ́tí, ẹ ò kàn ní tọ́ ọ wò. Mo gbìyànjú ẹ̀.

Alágbo Old Garage:

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ka tìyá Ìgbọ̀nà léraléra, torí gbólóhùn ìparí yẹn gan-an ni mo ti ń sọ fún ara mi.

Òṣogbo níbí náà ni màá lọ. Ọjọ́bọ̀ ni, ọmọ mi ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀. Mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì fún ìyàwó àbúrò mi kó bá mi tà wọ́n tán, èyí tó kù nílé, ọmọ ló ń wọ̀n ọ́n fún mi títí di ọjọ́ náà. Ìbéèrè kan ló kù, ó ń tì mí lójú díẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ṣé kí n mu èyí tó ń mú ọwọ́ dúró, àbí kí n má mu ún? Mi ò fẹ́ kí dókítà gbọ́ òórùn ẹ̀ lẹ́nu mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ìyá wa, kò sí òórùn ẹnu tí wọn ò tíì gbọ́ rí níbẹ̀. Tí ara bá ń gbọ̀n débi tẹ́ ẹ ò lè jáde nílé, ẹ mu ìwọ̀nba tó máa gbé yín débẹ̀, ẹ má fi jíjá a lójijì dán ara yín wò. Kẹ́ ẹ wá sọ aago tẹ́ ẹ mu ún gbẹ̀yìn, bó ṣe pọ̀ tó, àtohun tó wà nínú àgbo náà. Ẹ jẹun díẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ kó gbogbo òògùn tẹ́ ẹ ń lò dání, ì báà jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí gìrì bá gbé yín, tàbí tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tọ́mọ yín ò rí, ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀ o, kó gbé yín lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lóru yẹn gan-an.