Ìdáhùn: “Ẹ̀jẹ̀ rírẹlẹ̀” kò bá àìsàn yìí mu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè, ẹ kú ìjíròrò.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a kọ láti ìgbà tí àbúrò wa nọ́ọ̀sì ti béèrè pé kí la ó máa pe àìsàn tí iṣan ara kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dúró sójú kan, tí ohun tí ẹ̀rọ tó ń wọ̀n agbára ẹ̀jẹ̀ ń kà téèyàn bá wà lórí ibùsùn fi ń yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń kà téèyàn bá dìde. Bàbá wa tó ń kọ̀wé láti Bódìjà ní ká pè é ní “ẹ̀jẹ̀ rírẹlẹ̀”, kó parí síbẹ̀. Ẹlòmíì ní “òòyì ìdìde”. Ẹnì kan tiẹ̀ mú “ìfúnpá àìdúrósójúkan” wá, mo rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti ìfúnpá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi í pe agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara òpó rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà ṣàn, kò sì burú nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ní Ọjà Bódè pé ìfúnpá yín ti ga, wọ́n á ní kí ẹ bọ́ ọ wò, torí oògùn tí wọ́n ń so mọ́ apá ni ìfúnpá lójú tiwọn. (Apá náà ni dókítà ń so tirẹ̀ mọ́, ìyẹn ò ṣeé jiyàn.) Bíípíì ni gbogbo Ìbàdàn ń pe agbára ẹ̀jẹ̀ yẹn, láti Mọ́níyà dé Challenge, èmi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí bíípíì.

Rírẹlẹ̀ ni mo fẹ́ bá bàbá wa fà díẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe àrùn létí Yorùbá. “Wálẹ̀” náà kò sàn jù ú lọ: tí ìyá àgbà bá ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, tó ní “bíípíì mi ti wálẹ̀”, ọpẹ́ la máa ń bá a dú. Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò sáré lọ di aláìsàn mú kó má baà ṣubú? Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn yìí kò rẹlẹ̀ rárá. Tí wọ́n bá sùn sílẹ̀, ó ń ru.

Ara Ǹńtì mi, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Òkè-Àdó, ni mo ti rí i. Ó pẹ́ tí àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra. Ilé ìwòsàn kan wọ̀n bíípíì rẹ̀ lórí ibùsùn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n fi kún oògùn rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ṣubú ní balùwẹ̀. Níbòmíràn, orí àga ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, 128 lórí 76, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Dókítà kẹta ló ní kó sùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 ná. Ẹ̀rọ kà 168 lórí 94. Ó ní kó dìde: 112 lórí 70. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú kẹta, ó ti di 98 lórí 62, Ǹńtì ti di ògiri mú, wọ́n ní ojú àwọn ń ṣú, ọrùn àti èjìká ń ro àwọn bí ẹni tó ru igi ti oko bọ̀. Dókítà ka ìlù ọkàn wọn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ó ní ìyẹn gan-an lòun ń wá, pé tí iṣan bá pé, ọkàn ì bá ti sáré.

Ẹ bá mi wá rírẹlẹ̀ nínú 168.

Tí èèyàn bá dìde dúró, ẹ̀jẹ̀ tó tó ìdajì lítà sí lítà kan ló ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Àwọn olùṣọ́ kan wà ní ọrùn àti lára òpó ńlá tó ti inú ọkàn jáde. Wọ́n á fura lójú ẹsẹ̀, iṣan á gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ, àṣẹ á padà wá pé kí òpó fún, kí ọkàn yára díẹ̀. Onítọ̀hún ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ibi tí àṣẹ ń gbà ló bàjẹ́ lára àwọn aláìsàn wa yìí, yálà àtọ̀gbẹ ló bà á jẹ́ tàbí àrùn Parkinson tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tàbí àwọn àrùn mìíràn tí kò wọ́pọ̀.

Ẹ wá wo wàhálà wa. Iṣan là ń pe nááfù tó ń gbé ìròyìn kiri ara, iṣan là ń pe òpó ẹ̀jẹ̀, iṣan náà là ń pe èyí tó so ẹran mọ́ eegun. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ pé nááfù kò pàṣẹ fún òpó ẹ̀jẹ̀: “iṣan kò pàṣẹ fún iṣan.” Ta ló yé? Mo wà lẹ́yìn àwọn tó ní ká fi òpó sílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀, kí iṣan jẹ́ ti nááfù. Fún odindi ètò tó ń ṣiṣẹ́ láì dúró de àṣẹ wa, “iṣan adáṣiṣẹ́” tó mi. “Iṣan aláìgbọràn” tí ẹnì kan dábàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e jù síbẹ̀. A ò rán an níṣẹ́ rí, báwo ló ṣe fẹ́ ṣàìgbọràn?

Ohun tí mo mú wá nìyí: ẹ̀jẹ̀ àdìdejábọ́ fún èyí tó ń já wálẹ̀ lórí ìdúró, ẹ̀jẹ̀ àsùnru fún èyí tó ń ru lórí ìdùbúlẹ̀. Àtọ̀gbẹ ni mo wò ṣe é: à, tọ̀, gbẹ. À, sùn, ru. Ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá á tú u fúnra rẹ̀ láìsí olùkọ́. Jábọ́ ni mo mú dípò rẹlẹ̀ torí ìjábọ́ gan-an ni àwọn oníṣègùn ń wọ̀n: bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 já, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, láàárín ìṣẹ́jú 3 téèyàn dìde, ó ti bọ́ síbẹ̀. Ẹni tó já láti 170 sí 130 ti ní in, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò lè pe 130 ní rírẹlẹ̀. Àsùnru ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 140 fún nọ́ńbà òkè tàbí 90 fún ti ìsàlẹ̀. Bradbury àti Eggleston, àwọn dókítà méjì tó kọ̀wé nípa aláìsàn mẹ́ta ní Amẹ́ríkà ní 1925, ipò tí ara wà làwọn náà fi sọ ọ́ lórúkọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní oorun ni sùn. Kì í ṣe oorun nìkan. “Mo ti sùn, mi ò tíì sùn lọ”, ta ni kì í sọ ọ́ nílẹ̀ yìí?

Orúkọ méjèèjì tún ṣàlàyé ohun tí rírẹlẹ̀ kò lè ṣàlàyé. Lóru tí ẹ̀jẹ̀ bá ru, kíndìnrín á máa tú iyọ̀ àti omi dànù, onítọ̀hún á máa jí tọ̀. Ilẹ̀ á fi mọ́, omi ara ti dín, ìjábọ́ àárọ̀ á le ju tọ̀sán lọ. Àsùnru ló ń bí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí Ǹńtì mi gbé ìhà orí ibùsùn ga. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á mu odindi píọ̀ wọ́tà kan, 50cl, kíákíá. Omi lásán yẹn ń gbé bíípíì irú wọn sókè. Àmàlà àjẹyó lọ́sàn-án ń já a bọ́, wọ́n ti wá ń bù ú díẹ̀díẹ̀. Dókítà tún ní kí wọ́n fi iyọ̀ kún oúnjẹ. Ará ilé fẹ́ fi ariwo pa wọ́n, torí gbogbo Ìbàdàn ló mọ̀ pé oníbíípíì kì í jẹyọ̀.

“Òòyì ìdìde” kò burú lẹ́nu, ṣùgbọ́n òòyì kì í kọ́ gbogbo wọn. Ọrùn ló ń dun ẹlòmíì, ojú ló ń ṣú ẹlòmíì. Yóò sì kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan mọ́ wọn, àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn kì í já bọ́ tí wọ́n bá dìde, ọkàn wọn ló ń fi ìlù 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sáré sí i, láàárín ìṣẹ́jú 10 tí wọ́n dìde (40 fún ọmọ ọdún 12 sí 19). Wọ́n á ní àyà àwọn ń já, àwọn èèyàn á ní kí ló ń bà yín lẹ́rù. “Ọkàn àdìdesáré” ni kí wọ́n máa jẹ́ ní tiwọn.

Fún káàdì tí àbúrò wa nọ́ọ̀sì fẹ́ tẹ̀ fún àwọn aláìsàn yìí, mo kọ èyí, ẹ bá mi gé e kúrú: “Mo ní ẹ̀jẹ̀ àdìdejábọ́ àti àsùnru. Ẹ wọ̀n mí lórí ìdùbúlẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n mí lórí ìdúró, kí ẹ tó fún mi lóògùn bíípíì. Tí mo bá dákú, ẹ tẹ́ mi sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ mi sókè; ẹ má fà mí dìde.” Bóyá “ìdúró” tàbí “òòró” ló yé aláìsàn jù níbẹ̀, àbúrò, ìwọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kó sọ fún wa.